Ìjánu Inú Igbó: Bí Ọ̀pọ̀ Ṣe Ń Kó Ọ̀pọ̀ Níjàánu

Àgbẹ̀ tó sọ hóró àgbàdo mẹ́rin sínú ihò kan kò retí pé òun yóò kórè igi mẹ́rin níbẹ̀. Bí wọ́n bá hù tán, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fa àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ tu, yóò sì fi ọ̀kan tàbí méjì tó dúró dáadáa sílẹ̀. Bí ó bá ṣàánú wọn tí kò fa ìkankan, gbogbo wọn ni yóò jọ fún ara wọn lọ́rùn. Wọn á ga lásán, ewé wọn á pọ́n láìtọ́jọ́, ọmọ tí wọ́n bá yọ kò sì ní tó ohun tí à ń sè jẹ.

Nínú oko, ọwọ́ àgbẹ̀ ló ń ṣe èyí. Inú igbó ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọ́ kan ṣoṣo lè yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú ọ̀gọ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kò bo ilẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ọ̀yà ń bímọ, ehoro ń bímọ, ẹja ń yé ẹyin tí kò lóǹkà, ṣùgbọ́n wọn kò kún ayé. Ta ló ń fa irúgbìn igbó tu?

Ó lé ní igba ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. Wọ́n wá ìdáhùn rẹ̀ lọ sínú ìgò kantíkantí, sórí erékùṣù olótùútù, sínú pápá Serengeti, títí dé oko ẹ̀gẹ́ tiwa níhìn-ín. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ rọrùn láti sọ: iye àwọn ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀ wà lára ọwọ́ tó ń fà wọ́n tu. Bí wọ́n bá pọ̀ jù lórí ilẹ̀ kan, oúnjẹ á kéré fún ẹnu kọ̀ọ̀kan, àrùn á rí ara tó súnmọ́ra fò sí, ọ̀tá á rọ́ wá, ọmọ bíbí á dín kù, ikú á pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá dín kù, ara á tu àwọn tó ṣẹ́kù, wọn á tún gbèrú. Ìjánu ìfúnpọ̀ ni mo pe ohun yìí, nítorí pé bí àwọn ẹ̀dá ṣe fún pọ̀ tó ló ń mú kó fà tàbí kó dẹ̀. Ẹni tó ń pẹja, tó ń dẹ̀gbẹ́ tàbí tó ń roko, tó sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá nǹkan láyé, ó yẹ kó mọ ìtàn bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n.

Láti ọ̀dọ̀ Malthus dé ọ̀dọ̀ Darwin

Ní 1798, ìwé kékeré kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù láìsí orúkọ òǹkọ̀wé lára rẹ̀. Thomas Malthus, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ló kọ ọ́. Ó ní bí nǹkan kò bá dí ènìyàn lọ́wọ́, iye wọn á máa di ìlọ́po méjì: méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ, mẹ́jọ á di mẹ́rìndínlógún. Oúnjẹ ní tirẹ̀ á máa lé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun àkàbà. Láìpẹ́ ẹnu á ju oúnjẹ lọ, ìyàn àti àrùn á sì dé. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni Malthus ń sọ, kò sì rò ó pé ènìyàn á mọ ọ̀nà láti mú kí ilẹ̀ kan náà so ìlọ́po ohun tó ń so tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo ẹranko rí ìwà ẹranko nínú ìwé rẹ̀.

Charles Darwin ka ìwé náà ní 1838. Ní 1858, Alfred Russel Wallace wà ní àwọn erékùṣù Moluccas, ibà dè é mọ́lẹ̀, ló bá rántí ohun tó ti kà nínú ìwé Malthus. Àwọn méjèèjì, láìgbìmọ̀ pọ̀, dé ibì kan náà: ẹ̀dá tí à ń bí pọ̀ ju èyí tó lè yè lọ, àwọn tó bá sì bá ibùgbé wọn mu jù ló sábà máa ń ṣẹ́kù. Nínú ìwé ńlá tí Darwin tẹ̀ jáde ní 1859, ó fi erin ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ló kà sí ẹranko tí bíbí rẹ̀ falẹ̀ jù. Ó ṣírò rẹ̀, ó tún un ṣírò nínú àwọn ìtẹ̀jáde tó tẹ̀lé e, ó ní akọ erin kan àti abo kan lè di nǹkan bí mílíọ̀nù 19 láàárín ọdún 740 sí 750. Igbó wo ni yóò gbà wọ́n?

Darwin kò fi mọ sórí ìṣirò. Ó tú ilẹ̀ kékeré kan, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, fífẹ̀ rẹ̀ méjì, ó sì ń sàmì sí gbogbo koríko tó bá hù níbẹ̀. Koríko 357 ló hù. 295 nínú wọn ló parun, àwọn ìgbín tí kò ní ìkarahun àti kòkòrò ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù. Darwin ti rí i pé ọwọ́ kan ń fa nǹkan tu. Ó kù kí ẹnìkan sọ bí ọwọ́ náà ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ kó fà àti ìgbà tó yẹ kó dẹwọ́.

Ìlà Verhulst

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìṣirò sọ ọ́ ni Pierre-François Verhulst, ará Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ní 1838, ọdún kan náà tí Darwin ka Malthus, ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan jáde. Ó ní ká má wo ìbísí bí ohun tó ń lọ láìdúró. Ká máa yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀, kí ohun tí à ń yọ sì máa tóbi sí i bí àwọn ẹ̀dá náà bá ṣe ń pọ̀. Bí a bá ya èyí sórí ìwé, ìlà rẹ̀ á kọ́kọ́ rọra gbéra, nítorí pé àwọn tó ń bímọ ṣì kéré. Á wá ga kíákíá ní àárín. Lẹ́yìn náà á rọ̀, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ nítòsí iye tí ilẹ̀ náà lè gbà. Ní 1845 Verhulst sọ ìlà náà ní "logistique". Ó kú ní 1849, ní ẹni ọdún 44, ayé sì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ó di 1920 kí Raymond Pearl àti Lowell Reed, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, tó tún ìlà kan náà rí láìmọ̀ pé ẹnìkan ti ya á rí. Pearl kó irú àwọn kantíkantí tó máa ń bo èso tó ti ń rà sínú ìgò, ó ń bọ́ wọn, ó ń kà wọ́n. Wọ́n gun ìlà Verhulst, wọ́n sì tẹ́ ní òkè rẹ̀. Pearl tún fi ìlà kan náà wọn àwọn ará Amẹ́ríkà, ó ní wọn kò ní ju nǹkan bí mílíọ̀nù 197 lọ. Kí 1970 tó dé, wọ́n ti kọjá ibẹ̀. Lónìí wọ́n lé ní mílíọ̀nù 330. Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí jẹ́. A kò fi síméǹtì mọ òkè tí ìlà náà ń tẹ́ sí. Ó ń yí bí ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti ọgbọ́n ìgbé ayé bá ṣe ń yí. Ènìyàn lè tì í sókè. Kantíkantí inú ìgò kò lè fi ohunkóhun kún oúnjẹ tí a fún un.

Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́

Àwọn tó ń bá kòkòrò jà ló túbọ̀ la ọ̀rọ̀ náà yé ayé. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, kòkòrò kan tí ẹnìkan kó wá láti Yúróòpù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní nǹkan bí 1869. Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fi ń jẹ ewé igi gbogbo agbègbè tán. Leland Howard àti William Fiske, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló wà lórí iṣẹ́ àtikó ọ̀tá kòkòrò yìí wá láti ilẹ̀ tó ti ṣẹ̀. Nínú ìjábọ̀ wọn ti 1911, wọ́n pín ikú sí ọ̀nà méjì.

Ikú àkọ́kọ́ dà bí ìjì àti òtútù. Àwọn baba wa ti sọ pé òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Bí òtútù bá pa ìdajì nínú kòkòrò 100, á pa 50. Bí wọ́n bá jẹ́ 1,000, á pa 500. Ìdajì ṣì ni. Ikú kejì ń wo iye kó tó ṣọṣẹ́. Ó lè pa 10 nínú 100, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di 1,000, á pa 700. Howard àti Fiske ní ikú kejì yìí nìkan ló lè mú iye ẹ̀dá kan padà sí àyè rẹ̀ bó bá pọ̀ jù, nítorí pé òun nìkan ló ń le sí i bí ẹ̀dá ṣe ń pọ̀, tó sì ń rọ̀ bí wọ́n ṣe ń dín kù. Ní 1935, Harry Smith ní California fún irú ikú bẹ́ẹ̀ ní orúkọ kan tó dá lórí ìfúnpọ̀, tí gbogbo ọ̀mọ̀wé ń pè é títí dòní.

Ní Ọsirélíà, A. J. Nicholson gba ọ̀rọ̀ yìí, kò sì jù ú sílẹ̀ mọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó kọ̀wé lé e lórí ní 1933. Lẹ́yìn náà ló kó eṣinṣin tó máa ń yé ẹyin sára àgùntàn sínú àgò. Ó ń fún àwọn àgbà eṣinṣin lóúnjẹ tó pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọn ẹ̀dọ̀ tí àwọn ìdin wọn yóò jẹ lójoojúmọ́. Nígbà tí eṣinṣin pọ̀, ẹyin wọn bo ẹ̀dọ̀ náà, ìdin sì pọ̀ lórí oúnjẹ kan débi pé kò sí èyí tó yó tó láti di eṣinṣin. Àwọn àgbà wá ń kú láìsí arọ́pò. Ìgbà tí wọ́n kù díẹ̀ kíún ni ẹyin tó dín kù, tí ìdin rí oúnjẹ jẹ, tí eṣinṣin sì tún kún àgò. Iye wọn ń ru sókè, ó ń já wálẹ̀, bí ìgbì òkun. Kò sí òtútù níbẹ̀, kò sí òjò, kò sí ọ̀tá. Inú iye náà ni ìjánu wà. Ó kàn ń pẹ́ kó tó fà, ìjánu tó bá sì pẹ́ kó tó fà, á fà le jù.

Ní 1976, Robert May fi hàn pé ìṣirò rírọrùn bíi ti Verhulst lè ta síhìn-ín kó ta sọ́hùn-ún bí ìbísí bá yára jù. Ẹni tó bá wo irú iye bẹ́ẹ̀ lọ́dún dé ọdún á ní kò lófin kankan. Òfin wà níbẹ̀. Ìfarahàn rẹ̀ ló dàrú.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló gbà fún Nicholson. Ní Adelaide, ní Ọsirélíà kan náà, wọ́n ti ń ka àwọn kòkòrò tíntìntín kan tó ń gbé inú òdòdó rose láti 1932. James Davidson àti H. G. Andrewartha rí i pé ojú ọjọ́ nìkan lè ṣàlàyé nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 ìyàtọ̀ tó ń bá iye wọn láti ọdún dé ọdún. Ní 1954, Andrewartha àti Charles Birch tẹ ìwé ńlá kan jáde, wọ́n ní kí ni à ń wá ìjánu ìfúnpọ̀ sí? Òjò àti ooru ti tó láti sọ iye tí yóò wà.

Ọdún 1954 kan náà ni David Lack, ní Oxford, gbé ìwé tirẹ̀ jáde láti sọ òdìkejì. Láti 1947 ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń so àpótí mọ́ igi nínú igbó Wytham kí ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní great tit lè máa yé sínú rẹ̀, kí wọ́n sì lè máa kà wọ́n. Ohun tó jáde nínú irú kíkà bẹ́ẹ̀ ni pé ní ọdún tí ẹyẹ bá pọ̀, ẹyin tí ìyá kọ̀ọ̀kan ń yé máa ń dín kù. Ní 1957 àwọn ọ̀mọ̀wé láti ìhà méjèèjì pàdé ní Cold Spring Harbor ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sọ tẹnu wọn, wọ́n sì tú ká láìfohùn ṣọ̀kan.

Síbẹ̀ àwọn kòkòrò inú òdòdó náà ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ní 1961, Frederick Smith tún ìwé ìṣirò Adelaide yẹ̀ wò, ó sì rí àmì ìjánu ìfúnpọ̀ nínú iye kan náà tí wọ́n fi sọ pé kò sí. Òjò ló ń mú kí iye wọn fò sókè tàbí já wálẹ̀. Ìfúnpọ̀ ni kì í jẹ́ kó fò lọ pátápátá. Ọ̀nà méjèèjì ló wọ ọjà, àwọn erékùṣù méjì sì fi bí wọ́n ṣe pàdé hàn gbangba.

Erékùṣù méjì

St. Matthew jẹ́ erékùṣù kan nínú òkun Bering, lápá Alaska. Ní 1944, àwọn ọmọ ogun etíkun Amẹ́ríkà kó reindeer 29 lọ síbẹ̀. Reindeer jọ ìgalà, ilẹ̀ olótùútù sì ni ilé rẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ kí ẹran lè wà bí oúnjẹ bá wọ́n àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ogun parí, àwọn ènìyàn kúrò, reindeer ṣẹ́kù. Kò sí ìkookò, kò sí ọdẹ, oúnjẹ ọdún gbọọrọ sì bo ilẹ̀. Nígbà tí David Klein kà wọ́n ní 1957, wọ́n jẹ́ 1,350, ara wọn sì ń dán. Ní 1963 wọ́n ti di nǹkan bí 6,000, ṣùgbọ́n wọ́n ti rù, ọmọ tí wọ́n ń bí sì ti dín kù. Ohun tí wọ́n ń jẹ nígbà òtútù, tó máa ń pẹ́ gan-an kó tó hù padà, ni wọ́n ti jẹ dé gbòǹgbò. Òtútù ọdún yẹn dé, ó le. Nígbà tí Klein padà lọ ní 1966, 42 péré ló kù: abo 41, àti akọ kan ṣoṣo tí ìwo rẹ̀ kò pé. Kò sí ọmọ kankan. Nígbà tó yá, gbogbo wọn tán pátápátá.

Òtútù ló pa wọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n irú òtútù bẹ́ẹ̀ ìbá bá 1,350 ẹran tó sanra lórí ilẹ̀ tó kún fún oúnjẹ, ìbá má rí wọn run.

Erékùṣù kejì ni Hirta, ní St. Kilda, lápá ìwọ̀-oòrùn Scotland. Àwọn ará ibẹ̀ tó ṣẹ́kù kó kúrò ní 1930. Ní 1932, wọ́n kó àgùntàn 107 láti erékùṣù Soay tó wà nítòsí wá síbẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ láìsí darandaran, láìsí ẹran tó ń pa ẹran. Láti 1985 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sàmì sí àgùntàn wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n mọ ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn dáyé àti ọjọ́ tí wọ́n kú. Wọ́n rí i pé nígbà tí àgùntàn bá pọ̀, tí òtútù líle sì bá wọn, ó lè lé ní ìdajì wọn tó máa kú kí koríko tó hù, pàápàá àwọn akọ àti àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá kéré, irú òtútù kan náà á kọjá lọ, díẹ̀ ni yóò kú. Àwọn ará Adelaide sọ òótọ́, àwọn ará Oxford náà sọ òótọ́. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ilé tí èrò ti kún jù ni àwọn kan ti ń sùn síta kí òjò tó dé.

Pápá Serengeti

Bí ènìyàn bá ń wá ibi tí ìjánu yìí ti hàn lórí ilẹ̀ tó tóbi, Serengeti ní Tàǹsáníà ni kó lọ. Ní nǹkan bí 1890, àrùn màlúù kan tí wọ́n ń pè ní rinderpest ya wọ ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó pa màlúù àwọn Maasai, ó pa ẹfọ̀n, ó pa wildebeest, ẹran ńlá onírùngbọ̀n tó máa ń ṣí kiri ní agbo agbo tẹ̀lé òjò. Fún àádọ́rin ọdún àrùn náà kò kúrò, ó ń pa àwọn ọmọ wọn, kò sì sí ẹni tó mọ iye tí pápá náà lè gbà.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, àwọn oníṣègùn ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í fún màlúù àyíká ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sí ẹni tó fún ẹran igbó lábẹ́rẹ́, síbẹ̀ bí àrùn ṣe kúrò lára màlúù ló kúrò lára tiwọn náà. Ní 1961, wildebeest jẹ́ nǹkan bí 250,000. Ní 1977, wọ́n ti tó mílíọ̀nù 1.3. Ìlà Verhulst ni wọ́n ń gùn lójú ayé, ìbéèrè tó sì kù ni ibi tí wọn yóò ti dúró.

Wọ́n dúró. Lẹ́yìn 1977 iye náà tẹ́. Anthony Sinclair, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Serengeti ní 1965, àti àwọn tó bá a ṣe é, tí Simon Mduma ọmọ Tàǹsáníà wà lára wọn, wá ìdí rẹ̀ lára òkú. Wọ́n fọ́ egungun àwọn ẹran tó kú, wọ́n wo mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Ẹran tó jẹun kánú máa ń ní ọ̀rá nínú mùdùnmúdùn. Bí ebi bá pa á pẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rá ara rẹ̀ máa ń tán sí kẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ òkú náà, ọ̀rá ti tán. Kìnnìún àti ìkookò pa díẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ẹ̀ẹ̀rùn ló pa èyí tó pọ̀ jù. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: koríko tó ń hù nínú ẹ̀ẹ̀rùn kò pọ̀ sí i, ẹnu tó ń jẹ ẹ́ ló pọ̀ sí i. Nígbà tí ọ̀dá ńlá dé ní 1993, wọ́n já wálẹ̀ kọjá mílíọ̀nù kan, lẹ́yìn náà wọ́n tún gòkè.

Ohun tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ náà tún tóbi ju iye wọn lọ. Bí wọ́n ṣe ń jẹ koríko mọ́lẹ̀, iná igbó kò rí ohun jó bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn igi kéékèèké sì ráyè dàgbà. Abẹ́rẹ́ tí a fún màlúù di igi lórí òkè. Ní 2011, àjọ àgbáyé kéde pé rinderpest ti tán láyé.

Ọ̀tá àti ebi náà máa ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ní Yukon ní Kánádà, Charles Krebs àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọdún mẹ́wàá, láti 1986 sí 1996, lórí ehoro tí iye rẹ̀ máa ń gòkè tó sì máa ń wálẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ibi tí wọ́n ti fi wáyà dí ọ̀nà mọ́ àwọn ẹran apẹran, ehoro di ìlọ́po méjì. Ibi tí wọ́n ti fi oúnjẹ kún oúnjẹ, wọ́n di ìlọ́po mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ti ṣe méjèèjì pọ̀, wọ́n di ìlọ́po mọ́kànlá.

Àgbájọ ọwọ́

Títí dé ibí, a lè rò pé bí ẹ̀dá bá ti kéré, ó ti bọ́ nìyẹn. Warder Allee, ní Chicago, ló kọ́ ayé pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní àwọn ọdún 1930, ó kó ẹja wúrà sínú omi tó ní oògùn olóró. Àwọn tó wà pọ̀ ní mẹ́wàá mẹ́wàá pẹ́ láyé ju èyí tó dá wà lọ, nítorí pé wọ́n jọ pín oró náà jẹ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn ẹ̀dá kan sì wà tí wọn kò lè sọ̀yà mọ́ bí wọ́n bá ti kù díẹ̀: wọn kò ní rí ẹni bá gùn, wọn kò ní rí ojú tó ń bá wọn ṣọ́ ọ̀tá.

Ẹyẹlé kan wà ní Amẹ́ríkà, passenger pigeon, tó máa ń fò ní agbo tó ń ṣú ọ̀run. Iye wọn wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Àgbájọ ni wọ́n fi ń yé ẹyin, àgbájọ ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ. Àwọn ọdẹ pa wọ́n, àwọn agégi gé igbó wọn, àwọn tó ṣẹ́kù kò sì tó agbo mọ́. Èyí tó kẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní Martha, kú nínú ọgbà ẹranko Cincinnati ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, 1914. Ìjánu ìfúnpọ̀ dẹ̀ fún wọn pátápátá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ẹṣin fi ń sáré ti ṣẹ́.

Oko ẹ̀gẹ́ wa

Ìmọ̀ yìí ti gba oúnjẹ là lọ́wọ́ wa rí. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan tó máa ń fa omi ara ẹ̀gẹ́ yọ ní Kóńgò. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì fi gbogbo ọ̀tá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Kò sí ìjánu lẹ́nu rẹ̀. Ó tàn dé ọ̀dọ̀ wa, orí ẹ̀gẹ́ ká jọ, ewé rẹ̀ rọ, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì tà dáadáa mọ́. Ìlú tó ń jẹ gàrí àti láfún mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, Hans Herren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lọ sídìí oògùn apakòkòrò. Wọ́n wá ọ̀tá tí kòkòrò náà fi sílẹ̀ nílé lọ. Ní Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n tíntìntín kan, tó kéré ju èèrà lọ, tó máa ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹ́ láti inú wá. Ní 1981 wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí kòkòrò bá pọ̀, agbọ́n á rí ibi yé sí, á pọ̀. Bí kòkòrò bá dín kù, agbọ́n náà á dín kù. Agbọ́n náà tàn káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Kòkòrò náà kò tán láyé, ó ṣì wà nínú oko títí dòní, ṣùgbọ́n ó wà níwọ̀n tí ẹ̀gẹ́ lè gbà mọ́ra. Wọ́n dá ìjánu padà sí ẹnu rẹ̀ ni.

Ọwọ́ tiwa

Ibi tí ìlà Verhulst ti ń ga kíákíá jù ni àárín rẹ̀, nígbà tí iye ẹ̀dá bá tó nǹkan bí ìdajì ohun tí ibùgbé rẹ̀ lè gbà. Ní 1954, Milner Schaefer sọ èyí di ìlànà fún àwọn apẹja: mú ẹja wálẹ̀ dé ibẹ̀, máa kó kìkì èyí tó bá lé, òkun á sì máa dá a padà lọ́dọọdún. Ìlànà yìí ní ewu nínú. Ẹni tó bá ṣi ẹja kà, tó rò pé òun wà ní àárín nígbà tí òun ti wà nísàlẹ̀, irúgbìn ló ń kó jẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Newfoundland ní Kánádà nìyẹn. Ẹja cod, ọ̀kan lára àwọn ẹja tí wọ́n ń sá gbẹ di pánla tí a fi ń se ọbẹ̀, pọ̀ níbẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún. Ní 1968 nìkan, wọ́n kó nǹkan bí 800,000 tọ́ọ̀nù. Ní oṣù Keje 1992, ìjọba ní kí gbogbo àwọ̀n dúró, nítorí pé ẹja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ló pàdánù iṣẹ́. Ọdún méjì ni wọ́n ní àwọn yóò fi sinmi. Ó di 2024 kí wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Wọ́n ti dẹ ìjánu fún ẹja, ṣùgbọ́n ẹja kò tètè padà.

Àwa náà ní ọgbọ́n tiwa tẹ́lẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni láti pẹja, láti dẹ̀gbẹ́ tàbí láti gégi. Ìgbàgbọ́ ló pa á láṣẹ, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun tí àwọn apẹja Newfoundland kò ṣe: ó fi ibi kan sílẹ̀ tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dé, kí irúgbìn má bàa tán. Mo ń wo àwọn ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń gbé sókè sí ọkọ̀ ní ẹ̀bá títì, abo olóyún pẹ̀lú wọn, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀. Ọdẹ kò ṣẹ̀ ní pípa ẹran. Ebi, àrùn àti ìkookò pàápàá ń pa á. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn máa ń rọ̀ bí ẹran bá ń dín kù. Ìbọn, iná àti àwọ̀n kì í rọ̀. Bí ẹran bá ṣe ń wọ́n sí i ni owó orí rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí à ń lépa èyí tó kù. Nínú gbogbo ọwọ́ tó ń fa irúgbìn igbó tu, tiwa ló lè máa fà le sí i bí ihò ṣe ń ṣófo.

Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ ká fi ìjánu sí i fúnra wa: ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ dẹ̀gbẹ́, abo olóyún tí a kò gbọ́dọ̀ pa, igbó àti ibú tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ síwájú ihò àgbàdo rẹ̀ mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fa díẹ̀ tu kí ìyókù lè so. Ó tún mọ̀ pé ẹni tó fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu kò ní í rí nǹkan kórè.